Àtúnṣe bug àti àtúntò kóòdù: ọ̀gá mi ní kí n fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án han òun

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan lórí bug, ìyẹn àṣìṣe inú ètò kọ̀ǹpútà, ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ẹtì, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Ó di ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti ń kọ kóòdù ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan. Àwa la ṣe ètò tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó wọn: ta ló dá owó oṣù, ta ló yá owó, èló ló kù lọ́rùn ẹni. Nọ́ńbà fóònù la fi ń dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀.

Lóṣù kẹta, màmá kan sanwó, owó ò hàn lórúkọ wọn. Mo wò ó, mo rí i pé nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, +234 sì ni báńkì fi ránṣẹ́ sí wa. Mo fi ìlà kan síbi tí owó ń gbà wọlé pé kó máa yí +234 padà sí 0. Ó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àtẹ̀jíṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn kan. Ohun kan náà ni, àmọ́ 234 tí kò ní àmì ìròpọ̀ níwájú ni tọ̀tẹ̀ yìí. Mo tún fi ìlà míì síbẹ̀ yẹn. Nígbà tó di oṣù kárùn-ún, akọ̀wé ẹgbẹ́ kan kó orúkọ wọlé látinú Excel, Excel sì ti gé òdo iwájú gbogbo nọ́ńbà dànù. Ìgbà kẹta nìyẹn. Inú bí mi. Mo ka iye ibi tí kóòdù wa ti ń fọwọ́ kan nọ́ńbà fóònù: ibi mọ́kànlélógún, kálukú ń ṣe tiẹ̀ bó ṣe wù ú.

Mo bá jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kọ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo nọ́ńbà gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó wọ database, ibi tí ètò ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, mo sì yọ gbogbo ìlà tí wọ́n fọ́n káàkiri. Ibi tí mo ti ń tún un tò ni mo ti rí i pé èlé owó yíyá náà kò tọ́ lójú mi: iye tí èèyàn kọ́kọ́ yá ló ń bu èlé lé títí gbèsè á fi tán, kì í wo ìyókù gbèsè. Mo tún ìyẹn náà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú commit kan, ìyẹn àkójọ àyípadà kóòdù tí a fi pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, akápò ẹgbẹ́ kan pe ọ̀gá mi pé gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́tàdínlógójì ti dín kù mọ́jú. Ọ̀gá mi yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "Bug wo lo tún ṣe nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́. Mo tiẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ tó dára ni. Àmọ́ mi ò lè nawọ́ sí bug kan kí n ní òun rè é.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàtọ̀ gan-an láàárín kéèyàn tún bug ṣe àti kéèyàn tún kóòdù tò kó dára sí i? Ṣé àṣejù ni èyí tí mo ṣe? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀gá tí kì í kọ kóòdù?

Jẹ́jẹ́ Ọ̀tà

Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Bí ẹni tó ń lo ètò bá rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ, bug lo tún ṣe. Bí kò bá rí ìyàtọ̀, kóòdù lo tún tò. Ọ̀gá tó ń sanwó, èyí àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń rí. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o má dárúkọ àtúntò fún wọn mọ́. Bí wọ́n bá ní bug kan máa gba ọjọ́ kan, sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni, kó o fi ọjọ́ méjì tó kù tún ilé ṣe ní jẹ́jẹ́.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́. Jẹ́jẹ́, ẹ dákun, ẹ má kọ́ ọmọ yìí pé kó máa fi iṣẹ́ pamọ́. Iṣẹ́ tí a fi pamọ́, lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá ẹni tó ṣe é gbèjà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lóṣù kejì ọdún 2020, torí inú ẹ̀ ni mo ti mọ ìyàtọ̀ tí ò ń béèrè.

Ilé ìtajà kan n'Ìbàdàn ni mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Páìpù, táǹkì, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti ọ̀dà ni wọ́n ń tà. Ètò tí wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ẹlòmíì ló kọ́kọ́ kọ ọ́, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì ti ń bójú tó o fún ọdún mẹ́ta. Ìjọba àpapọ̀ wá gbé òfin tuntun jáde, Finance Act 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí i lóṣù kìíní 2020. VAT, owó-orí tí wọ́n ń bù lé ọjà, tó ti pẹ́ ní 5%, di 7.5% láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì.

Mo wá 0.05, bí wọ́n ṣe kọ 5%, nínú kóòdù. Ó wà níbi méjìdínlógún. Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi 0.075 rọ́pò gbogbo rẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, kọ́ńtírátọ̀ kan tó ń kọ́lé wá ra ọjà ₦640,000. Àwọn tó bá ra ọjà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilé ìtajà náà máa ń yọ 5% fún wọn. Ẹni tó kọ kóòdù yẹn kọ 0.05 síbi ẹ̀dínwó yìí náà, bó ṣe kọ ọ́ síbi VAT. Èmi ti sọ méjèèjì di 0.075. Dípò ₦32,000, ₦48,000 ni ètò yọ fún bàbá náà. Wọ́n ti kó ọjà lọ kí ẹnikẹ́ni tó fura, ₦16,000 ilé ìtajà sì bá a lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, oníbàárà kan gbé ẹ̀rọ omi padà wá. ₦86,000 ló rà á lóṣù kìíní. Rìsíìtì ọwọ́ ẹ̀ ní VAT jẹ́ ₦4,300. Ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ rìsíìtì yẹn kan náà jáde, ₦6,450 ló hàn. Àṣé ètò náà kì í tọ́jú VAT ọjọ́ tí wọ́n tajà. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ṣí rìsíìtì ló máa ń ṣírò ẹ̀ lákọ̀tun. Iye náà ò yí padà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń lo ètò yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ̀kẹta ló gbà mí lóorun jù. Fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀nà méjì ni kóòdù yẹn ń gbà sọ VAT di kọ́bọ̀. Èyí tó ń tẹ rìsíìtì, bí ààbọ̀ kọ́bọ̀ bá ṣẹ́ kù, á gbé e sókè. Èyí tó ń ṣe àkójọ oṣù fún owó-orí, á gé e dànù. Àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé láìjà fún ọdún mélòó kan. Ìdí ni pé ọjà tí iye rẹ̀ bá jẹ́ náírà gbáko, 5% rẹ̀ kì í ní ààbọ̀ kọ́bọ̀ láéláé: náírà kọ̀ọ̀kan ń mú kọ́bọ̀ márùn-ún gééré wá. Ní 7.5%, náírà kan ń mú kọ́bọ̀ méje àtààbọ̀ wá. Tí iye náírà ọjà kan kò bá ti ṣe é pín sí méjì dọ́gba, ààbọ̀ kọ́bọ̀ ti ṣẹ́ kù nìyẹn. Orí ẹ̀rọ omi kan wà tí wọ́n ń tà ní ₦1,275. Nígbà 5%, VAT rẹ̀ jẹ́ ₦63.75, kò sí ariyanjiyan. Nígbà 7.5%, ó di ₦95.625. Rìsíìtì kọ ₦95.63, àkójọ oṣù kọ ₦95.62.

Kọ́bọ̀ kan péré. Nígbà tí oṣù kejì fi máa parí, ó ti di ₦18.46. Arábìnrin tó ń ṣírò owó níbẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta wá ₦18.46 yìí. Owó tí kò tó ra omi mímu, àmọ́ wọn ò lè fọwọ́ sí ìwé láìrí ibi tó wọlé sí. Wọ́n pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ti tẹ́ rìsíìtì sórí tábìlì láti etí dé etí, wọ́n fi bírò pupa yí kọ́bọ̀ ìparí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan po. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ẹ bá mi wò ó, kì í ṣe ojú mi ló ń ṣe mí, àbí?" Mi ò ní gbàgbé tábìlì yẹn.

Ó yá, èwo ni bug nínú gbogbo ìwọ̀nyí?

Ẹ̀dínwó yẹn, bug ni, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi dá a sílẹ̀. Ilé ìtajà ti bá oníbàárà ṣàdéhùn 5%, ètò ń fún un ní 7.5%. Ìlà kan ni mo dá padà, ó tán. Rìsíìtì oṣù kìíní, bug ni, torí pé rìsíìtì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n san lọ́jọ́ tí wọ́n san án. Kọ́bọ̀ yẹn náà, bug ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń sùn jẹ́jẹ́ kí òfin tó jí i.

Ṣùgbọ́n pé 0.05 wà níbi méjìdínlógún, kì í ṣe bug. Títí di alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní, gbogbo ibi méjìdínlógún yẹn ń sọ òótọ́. O lè dán an wò láti àárọ̀ dalẹ́, o ò ní rí àṣìṣe kan. Kò sí oníbàárà tó lè gbé e wá pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé òótọ́ kan ṣoṣo ni, wọ́n pín in sọ́nà méjìdínlógún, wọ́n tún kó irọ́ kan mọ́ ọn, pé ẹ̀dínwó àti VAT jẹ́ nǹkan kan náà torí pé iye wọn bára mu. Ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni títí dìgbà tí nǹkan fi yí padà. Èyí tó ń jẹ́ àtúntò ni kéèyàn kó òótọ́ náà jọ síbì kan kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Mo ṣe é lẹ́yìn náà, ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí. Mo fi iye VAT sínú tábìlì kan pẹ̀lú ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí rìsíìtì oṣù kìíní máa rí 5%, kí ti oṣù kejì máa rí 7.5%. Ẹ̀dínwó ní ibùgbé tirẹ̀. Kọ́bọ̀ ni mo fi kọ gbogbo owó sílẹ̀, láìsí àmì ìdá kankan, ibì kan ṣoṣo ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ààbọ̀ kọ́bọ̀ sókè.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tún bug mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe nínú kóòdù àtijọ́, bó ṣe rí wúruwùru yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú commit tirẹ̀. Ìgbà tí nọ́ńbà tó ń jáde tó di èyí tó tọ́ ni mo tó fọwọ́ kan ìtò. Mo kó gbogbo rìsíìtì oṣù mẹ́ta, mo gbà wọ́n kọjá nínú kóòdù àtijọ́, mo gbà wọ́n kọjá nínú tuntun, mo fi méjèèjì wéra. Tí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, mi ò ní fi ránṣẹ́.

Ibi tí o ti ṣì í rìn nìyẹn, àbúrò mi. Tí o bá ń tún kóòdù tò, ohun tó ń jáde níbẹ̀ ò gbọdọ̀ yí padà, ìbáà jẹ́ ààbọ̀ kọ́bọ̀. Tí o bá ń tún bug ṣe, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà, ohun tí o sọ tẹ́lẹ̀ nìkan. Nígbà tí o kó méjèèjì sínú commit kan, gbèsè èèyàn mẹ́tàdínlógójì dín kù, o ò sì mọ̀ bóyá nọ́ńbà fóònù ló kó owó ẹlòmíì fún wọn ni àbí èlé ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ èpà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là á jẹ ìmumu.

Nǹkan méjì ló kù. Iṣẹ́ nọ́ńbà fóònù tí o ṣe, kì í ṣe àṣejù. Àmọ́ kì í ṣe àtúntò nìkan. Pé o kó ibi mọ́kànlélógún sójú kan, àtúntò nìyẹn. Pé ètò wá ń dá nọ́ńbà Excel tí kò ní òdo mọ̀, tí kò dá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, àtúnṣe bug nìyẹn. Tú wọn ká.

Èkejì ni ti èlé. Ta ló sọ fún ọ pé kò tọ́? O ní kò tọ́ lójú rẹ. Bug kì í ṣe ohun tí kò wù wá. Àdéhùn tó yẹ̀ ni. Kí o tó pe èlé yẹn ní bug, wá ibi tí wọ́n kọ àdéhùn náà sí.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má fi èdè kóòdù bá wọn sọ̀rọ̀. Ka wákàtí tí o lò lórí màmá oṣù kẹta, lórí àtẹ̀jíṣẹ́, lórí Excel. Kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ fún wọn pé nínú ibi mọ́kànlélógún yẹn, mẹ́ta péré ló tíì bàjẹ́, pé láìsí ẹnu ọ̀nà yẹn, ibi méjìdínlógún ló kù tí èyí ti lè tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá tó ń sanwó fún èèyàn mọ ìṣirò yẹn.

Títílọlá, Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dán sọ́fítíwíà wò kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn. Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, pàápàá tábìlì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí mi ò fẹ́ kí Àdùkẹ́ rò pé àtúntò jẹ́ nǹkan tí a lè sún síwájú títí ọjọ́ tí òfin bá yí padà.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Therac-25. Ìtànṣán ni wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ AECL ti Kánádà ló ṣe é. Láàárín 1985 sí 1987, ó kéré tán èèyàn mẹ́fà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ẹ̀rọ yìí fi ìtànṣán tó kọjá ààlà lù. Àwọn kan kú. Ọ̀kan nínú àwọn bug rẹ̀ rí báyìí: òṣìṣẹ́ ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, ó fi bọ́tìnì ọfà tó ń lọ sókè padà lọ tún un ṣe kíákíá. Irin inú ẹ̀rọ ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láti múra. Tí àtúnṣe lẹ́tà yẹn bá bọ́ sáàárín àáyá mẹ́jọ náà, ojú kọ̀ǹpútà á fi lẹ́tà tuntun hàn, inú ẹ̀rọ ò ní gbọ́ sí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn jù, tí ọwọ́ wọn yá lórí bọ́tìnì, àwọn gan-an ló ń bọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ àtúnṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn ní 1986. Wọ́n ní kí wọ́n yọ orí bọ́tìnì ọfà yẹn kúrò, kí wọ́n fi téèpù lẹ abẹ́ rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má bàa lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn aláṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní ìyẹn ò tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí Àdùkẹ́ rí nìyí. Therac-20, ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀, ní irú bug yìí nínú kóòdù tirẹ̀. Kò pa ẹnì kankan. Ìdí ni pé Therac-20 ní ìdènà tí kì í ṣe ti kóòdù, fíùsì àti àwọn irin tó ń dá iná dúró fúnra wọn. Nínú Therac-25, wọ́n yọ ìdènà wọ̀nyẹn, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ sọ́fítíwíà nìkan. Bug kan náà: nínú ẹ̀rọ kan, fíùsì ló jó; nínú ìkejì, èèyàn ló jó.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ní "Ẹ tún bug ṣe ná, ẹ fi ìtò sílẹ̀," mo máa ń rántí téèpù yẹn. Ìlà tí Àdùkẹ́ fi síbi tí owó ń gbà wọlé lóṣù kẹta, téèpù ni. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Màmá yẹn gbọ́dọ̀ rí owó wọn lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ téèpù ò yẹ kó wà níbẹ̀ títí di oṣù kárùn-ún.

Jẹ́jẹ́ Ọ̀tà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Bàbá Ìbejì, mo gba ìbáwí, mo kó ọ̀rọ̀ ìfipamọ́ yẹn jẹ. Ohun tó mú mi sọ ọ́ ni pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ àtúntò da kóòdù ọdún mẹ́fà nù, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan lé, tuntun ò dé ibi tí àtijọ́ dé, bug tí wọ́n ti tún ṣe láti ọdún pípẹ́ tún padà wá, torí pé àwọn ìlà tí wọ́n rò pé wọ́n rí jákujàku ni wọ́n fi tún un ṣe. Ìyẹn náà kì í ṣe àtúntò. Àdùkẹ́, mú un ní kékeré-kékeré.

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ti kọjá, mo ní kí n wá jíyìn fún yín.

Mo dá commit yẹn padà látòkè délẹ̀. Mo tú u sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà nọ́ńbà fóònù láìfi òfin tuntun kankan kún un. Mo gba ọmọ ẹgbẹ́ 1,904 kọjá nínú àtijọ́ àti tuntun bí Bàbá Ìbejì ṣe wí. Mo rò pé kò ní sí ìyàtọ̀ rárá, àmọ́ méje ló yàtọ̀. Mo jókòó ti méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ èèyàn méjì tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú 0, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú +234. Ojú-ewé owó oṣù ń rí wọn bí ẹni mẹ́rin, ojú-ewé àtẹ̀jíṣẹ́ ń rí wọn bí ẹni méjì. Mẹ́ta tó kù, wọ́n tẹ nọ́ńbà wọn kù díẹ̀, mẹ́wàá dípò mọ́kànlá. Nínú commit ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, gbogbo wọn ti yí padà, mi ò sì mọ̀ rárá. Ọ̀kan nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, màmá oṣù kẹta ni.

Ti èlé ló dùn mí jù láti sọ. Èmi àti ọ̀gá mi jọ lọ sọ́dọ̀ akápò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ mú ìwé òfin wọn jáde látinú àpò náílọ́nù, ìwé tí wọ́n fi típéwráítà tẹ̀, tí etí rẹ̀ ti ká kò. Wọ́n fi ìka tọ́ ìlà náà fún mi: iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ yá ni èlé máa wà lórí rẹ̀ títí yóò fi san án tán. Wọ́n ní ìpàdé ló fọwọ́ sí i, kí ìṣirò lè rọrùn fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ láti fẹnu ṣe. Ẹni tó bá yá ₦120,000 fún ọdún kan ní 10%, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦12,000, á máa san ₦11,000 lóṣù, kò sí àlàyé míì. Nínú kóòdù tèmi, èlé yẹn ti di ₦6,500. Ètò àtijọ́ ń ṣe ohun tí wọ́n bá ara wọn ṣàdéhùn gẹ́lẹ́. Kò sí bug níbẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀kan síbẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akápò. Mo dá èlé padà bó ṣe wà, gbèsè àwọn mẹ́tàdínlógójì náà padà sí iye rẹ̀. Ní ti nọ́ńbà fóònù, ọ̀gá mi wo wákàtí tí mo kọ sílẹ̀: mọ́kàndínlógún lórí bug kan náà tó pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí ẹnu ọ̀nà yẹn dúró, pé láti ìsinsìnyí lọ, kí n máa kọ ránṣẹ́ sáwọn kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n sọ bóyá nǹkan máa yí padà lójú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tàbí kò ní yí.

Mo sì ti kọ ọ̀kan. Lánàá, akọ̀wé kan wá orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan, Ọlátúndé, kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. "Ọ" tí fóònù wọn tẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì lábẹ́. Èyí tó wà nínú database jẹ́ O, tí àmì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ọ̀tọ̀. Lójú èèyàn, ìkan náà ni. Kọ̀ǹpútà ò rò bẹ́ẹ̀. Mo ka ibi tí a ti ń fi orúkọ wéra nínú kóòdù: mẹ́rìnlá. Mo kọ sí ọ̀gá mi pé ọjọ́ kan fún Ọlátúndé, nǹkan máa yí padà, wọ́n á máa rí i tí wọ́n bá wá a. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn fún ibi mẹ́rìnlá náà, ohun tí ojú ọmọ ẹgbẹ́ ń rí kò ní yí. Wọ́n ní àwọn á fún mi lésì lọ́jọ́ Ajé.